Simbiat Jẹ́wọ́, Ìgò Ò Jáde

Obìnrin náà ti jẹ́wọ́ kí a tó débẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí n yí mọ́tò mi padà sí Flatbush, kí n lọ máa gbé èrò mi. Ṣùgbọ́n Aunty Oyíndà Akíntọ́lá ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n nílùú New York yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì sílé wọn ní St. Albans, kò sì tíì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ìfẹ̀yìntì fún wọn. Bí ọ̀ràn kan bá ti rújú báyìí, èmi Afeez ni wọ́n ń pè pé kí n wá wà wọ́n lọ, àfi bíi pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

"Afeez, kí ló dé tí kóró dàbínù kún inú ọkọ̀ rẹ báyìí?"

"Ẹ bi bàbá ìyàwó mi, Aunty. Látìgbà tí Alhaji ti dé láti Ìbàdàn ni mi ò ti ríbi fọwọ́ kàn nínú mọ́tò yìí. Dàbínù kì í tán nínú àpò agbádá wọn. Ẹni tí wọ́n mọ̀, ẹni tí wọn ò mọ̀, wọ́n á ti kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Àgbà dáadáa nìyẹn."

"Àgbà dáadáa ni. Níjẹta, ẹnì kan fún wọn ní ṣàkí, ẹni náà ló sì máa wá bá wa sè é lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀. Rùkáyàt ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fojú kàn án. Látìgbà náà ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi."

"Wa mọ́tò rẹ, jàre," ni Aunty wí.

Tìmí, ọmọ ìjọ wọn kan, ló ké gbàjarè sí wọn lórí fóònù láàárọ̀. Laurelton ni wọ́n bí i sí, ilé ọtí àwọn ará Japan kan ní Manhattan ló ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Ìgò ọtí kan tí ìyá tó ni ilé náà ń tọ́jú bí ẹyin ti dàwátì nínú fíríìjì. Simbiat, ọmọ Ìbàdàn tó ń gé ẹran tó sì ń fọ abọ́ nílé ìdáná wọn, ni wọ́n ní ó jí i. Ọwọ́ Tìmí fúnra rẹ̀ ni ìgò gbà jáde níjẹta. Wọn ò ṣílé lánàá, ìyẹn ni wọn ò fi tètè mọ̀. Wọ́n bi Simbiat léèrè láàárọ̀ yìí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ìyá náà wá búra pé bí òun bá tan fìtílà ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ tí ìgò ò tíì padà, ọlọ́pàá lòun máa pè.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìńtáfíù ìwé ìgbélùú Simbiat. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Bí wọ́n bá fi lè kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ lónìí, kò sí ìwé mọ́ nìyẹn, gbogbo ọdún tó ti fi ń dúró dè é ti wọgbó.

*

Ilé ọtí náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ títì, èèyàn á gba orí àtẹ̀gùn wọlé. Mo ti rò pé ariwo orin àti ọ̀mùtí ni màá bá níbẹ̀. Irọ́ ni. Ibi tó pa rọ́rọ́ ni, kò tóbi ju pálọ̀ mi lọ, tábìlì pákó gígùn kan yí ààrò ẹ̀yinná ká. Ìgò tí àwọn oníbàárà kọ orúkọ ara wọn sí lára tò sórí pẹpẹ. Oníkálukú fi tirẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ dìgbà tó bá tún yà wá. Òórùn ẹja sísun gba inú ilé kan. Mo bínú wá ni, ṣùgbọ́n ara mi rọ̀.

Ìyá Hisae, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Mama, ló ni ilé náà. Ìyá kékeré kan ni wọ́n, onírun funfun, aṣọ ìdáná aláró wà lọ́rùn wọn. Wọ́n tẹ̀ba kí wa, wọ́n wá ń bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀.

"Àbúrò mi ọkùnrin ló pọn ọtí yẹn," ni wọ́n wí. "Èyí tó pọn kẹ́yìn ni, kó tó kú. Alẹ́ òní la fẹ́ ṣèrántí rẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́ ọ wò. Mo fi sínú àpótí pákó rẹ̀, mo fi aṣọ dì í, mo gbé e sísàlẹ̀ fíríìjì kó lè tutù. Ọtí nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Obìnrin yẹn wò mí lójú, ó ní èmi ni mo fún òun." Wọ́n nàka sí àyà ara wọn. "Èmi? Kí n fún un ní ìgò àbúrò mi?"

Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ gbọ́ àfojúdi! Kí wọ́n kúkú pe ọlọ́pàá.

Aunty fa àga, wọ́n jókòó. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lóúnjẹ. Ebi kì í jẹ́ kí n ronú."

Ká tó wí, abọ́ kékeré ti wà níwájú wa, ewébẹ̀ tútù díẹ̀ àti ẹ̀wà mélòó kan ló wà nínú rẹ̀.

"A ò tíì béèrè nǹkan kan!" ni mo pariwo. Mo mọ àwọn ará Manhattan; wọ́n á gbé e fún ọ, wọ́n á tún gba owó rẹ̀.

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn," ni Ìyá Hisae dáhùn. "Àlejò kì í jókòó síwájú tábìlì òfìfo."

Ojú tì mí díẹ̀. Ìyá mi l'Abẹ́òkúta náà ò ní jẹ́ kí àlejò rí tábìlì òfìfo. Mo wá sọ fún wọn pé Mùsùlùmí ni mí, n kì í fẹnu kan ọtí. Wọ́n ní háà, nihonshu wà nínú ọbẹ̀. Ẹja tí wọ́n rẹ ńkọ́? Nihonshu náà ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Mo ní kí ló ń jẹ́ nihonshu.

"Ọtí ìrẹsì wa. Ó lórúkọ tí wọ́n ń pè é níta, ìyẹn ò kàn mí. Nínú ilé ìdáná mi, nihonshu ni gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ pè é."

Ẹja Titus oníyọ̀ lásán ló kù tí mo lè jẹ. Wọ́n gbé e ka iná, mo tẹjú mọ́ ọn.

*

Tìmí dọ̀bálẹ̀ fún Aunty, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ àga. Ọmọ dáadáa ni. Yorùbá rẹ̀ nìkan ló dà bí ọ̀nà tí katakátá ti gbà kọjá, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbádùn rẹ̀.

"Aunty Simbiat lo so fun mi," ó ní. "O ni, 'Timi, saki mi wa ni isale firiiji. Ba mi gbe e fun baba to n duro lenu ona.' Mo wo isale, mo ri apoti yen, mo gbe e. Mo ro pe Mama lo fun un."

"Báwo ni bàbá náà ṣe rí?"

"O ti dagba. Fila funfun. O sadura fun mi, o wa fun mi ni eleyii. Mi o mo nnkan to je, mi o le je e."

Ó mú nǹkan dúdú kékeré kan jáde látinú àpò, Aunty gbà á, wọ́n yí i lọ́wọ́. Ẹja mi ti ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ló gbà mí lọ́kàn. Mo kàn rí i pé Aunty wo èmi náà, wọ́n wá ju nǹkan ọ̀hún sínú báàgì wọn.

"Ta ló tún mọ̀ pé ìgò yẹn wà nísàlẹ̀ fíríìjì?"

"Gbogbo wa. Christina gan-an ti fe ki Mama si i fun onibaara kan lose to koja. Mama ni rara. O binu gan-an."

Mo fẹsẹ̀ kan Aunty lábẹ́ tábìlì. Lójú tèmi, olè ti hàn.

Christina ló ń bu ọtí fún àwọn oníbàárà, obìnrin gíga kan ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti di fóònù mú tipẹ́, bí ẹni tí ọwọ́ ń yún láti pe ọlọ́pàá.

"Mo bínú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì tán," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo bi Simbiat níwájú Mama. Mo ní, ìwọ lo ní kí Tìmí gbé saki fún ọkùnrin yẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, saki, tèmi ni, Mama ló fún mi. Kí lẹ tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?"

Saki ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pe ọtí náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú mi lọ sára báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Nǹkan gígùn kan yọrí níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán nínú táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Kí Aunty tó pe orúkọ mi, mo ti dìde, mo ti fà á yọ, mo ti tú táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Fúláàsìkì ni. Tíì atalẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ń dun obìnrin náà.

"Jókòó, Afeez," ni Aunty wí. "Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Christina, kó o jẹ ẹja rẹ."

Mo tọrọ àforíjì. Ẹja náà dùn débi pé mi ò rójú bínú pẹ́.

*

Nílé ìdáná, Simbiat kúnlẹ̀ kí Aunty. Híjáàbù rẹ̀ tutù níbi tó ti fi ń nu ojú.

"Mi ò jalè, mà. Sé olè ló máa ní kí wọ́n gbé ẹrù òun gba ẹnu ọ̀nà iwájú?"

"Wọ́n ní o jẹ́wọ́."

"Wọ́n bi mí pé sé èmi ni mo ní kó gbé e, mo ní èmi ni. Kí ni kí n sọ? Tèmi ni. Mama fọwọ́ ara wọn fún mi níjẹta, wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Sùgbọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n láwọn ò fún mi. Mi ò mọ ohun tí mo se fún wọn."

Ọmọ Ìbàdàn paraku! Inú ń bí mi sí i, síbẹ̀ ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Wọ́n lè ti gbogbo ilẹ̀kùn New York mọ́ ọn, kò ní pe "ṣé" kó má di "sé".

"Ta ni bàbá tó gbà á?" ni Aunty bi í.

Ó dorí kodò. "Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹni tó kọ́ mi ní Kùránì láti kékeré ni. Wọ́n wá kí ọmọ wọn nílùú yìí ni. Mi ò lè jẹ́ kí orúkọ wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá nítorí tèmi."

"Bí ìwé ìgbélùú rẹ bá ti ibẹ̀ bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kó bàjẹ́, mà." Omi wá bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín tó ń gbọ̀n mí kú fin-ín. Àánú obìnrin náà ṣe mí. Bó bá jalè, mo ní lọ́kàn mi, irú olè wo ló ń dáàbò bo orúkọ ẹlòmíràn tó ń fi tirẹ̀ sílẹ̀?

A padà sórí àga wa. Ìta ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ìyá Hisae wo ojú fèrèsé, wọ́n gbé abọ́ kan síwájú Aunty. Ooru ń yọ lójú rẹ̀, ó rùn díẹ̀ bí irú.

"Oúnjẹ ìlú wa," ni wọ́n wí. "Motsu là ń pè é. Inú màlúù ni. Simbiat ló mú wa mọ alápatà Mùsùlùmí tó ń tà á fún wa."

Aunty bù ú sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́. Ọwọ́ wọn wá dúró lójú kan.

"Afeez, kí lèyí?"

Mo wo abọ́ náà. Inú bí mi gidi. Èmi tí mo ti ń ka ọ̀la láti ìjẹta, kí Aunty máa jẹ ẹ́ lójú mi, ọtí ò sì ní jẹ́ kí n tọ́ ọ wò! "Ṣàkí ni, Aunty! Ẹ ò mọ ṣàkí mọ́ ni?"

"Sàkí ni, mà," ni Simbiat bá wa dá sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Èmi ni mo gé e."

Aunty rọra gbé síbí sílẹ̀.

"Simbiat, tún un pè."

"Sàkí."

Aunty yíjú sí Christina, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Kí lorúkọ ọtí tó sọnù?"

"Ṣebí mo ti sọ. Saki."

Mo gbé egungun ẹja kúrò lẹ́nu.

"Simbiat," ni Aunty wí, "ọtí ìrẹsì tí wọ́n ń mu níbí yìí, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Nihonshu, mà."

"Kò lórúkọ mìíràn?"

"Ta ló máa pè é fún mi? Mi ò dé ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Ohun tí Mama ń pè é nílé ìdáná ni mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ṣí fíríìjì."

Àpótí ewébẹ̀ ńlá kan ló wà nísàlẹ̀. Aunty ní kí Tìmí fà á jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ gan-an, ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó ní kókó méjì. Simbiat la ẹnu sílẹ̀.

"Kókó mi nìyí. Èmi ni mo so ó. Sùgbọ́n wọ́n ti gbà á! Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sàdúrà fún mi, wọ́n láwọn ti gbà á!"

Aunty tú ọ̀rá náà. Ṣàkí ni, funfun, ó mọ́ tónítóní.

Wọ́n wá dúró láàárín ilé ìdáná, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo wa lè gbọ́. "Tìmí, bí màmá rẹ bá fi eléyìí sọ́bẹ̀ ní Laurelton, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Shaki."

"Bí Simbiat bá ti pè é bẹ́ẹ̀ níjẹta, kí lo máa gbé?"

Tìmí wo ẹran, ó wo Simbiat. "Eleyii," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìbàdàn ni Simbiat ti wá, sàkí ni ṣàkí lẹ́nu wọn. Bí ahọ́n wọn ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní kó o gbé ẹran, o gbọ́ ọtí. Christina wá bi í nípa ọtí, òun gbọ́ ẹran, ó ní tòun ni, Mama ló fún òun." Aunty yíjú sí Ìyá Hisae. "Màdáámù, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ fún un níjẹta."

Ìyá Hisae fọwọ́ bo ẹnu. "Motsu," ni wọ́n wí. "Ó ṣẹ́ kù. Mo ní kó máa mú un lọ. Èmi ni mo fún un." Wọ́n wá àga, wọ́n jókòó. "Ó ń sọ ọ́ fún mi. Níwájú mi báyìí ló ti ń sọ ọ́."

Simbiat ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ wọn. Ohun mìíràn ló kọlù ú, ló bá ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti kú! Mo fi ọtí ránsẹ́ sí Alfa mi! Ẹni tó kọ́ mi ní Fátíhà! Ibo ni kí n gbé ojú mi sí?"

Christina fi fóònù sápò. Ó ní kò burú, ìgò náà wá dà?

"Afeez mọ ibi tó wà," ni Aunty wí.

"Èmi kẹ̀?"

Aunty kọwọ́ bọ báàgì, wọ́n fi nǹkan dúdú tí Tìmí fún wọn lélẹ̀ níwájú mi. Dàbínù ni. "Ta ló ń ki eléyìí bọ ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́? Ta ni wọ́n fún ní ṣàkí níjẹta, tí ẹni tó fún un sì máa wá sè é lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀?"

"Alhaji, bàbá Rùkáyàt ìyàwó mi!" ni mo pariwo. Simbiat wò mí bí ẹni tó rí iwin. "Ẹ̀yin lọkọ Sister Rùkáyàt?"

*

Mo pe ilé. Ìyá Hisae di apá aṣọ mi mú, wọ́n ń sọ pé bó bá fi lè jẹ́ pé inú fírísà ló wà, ọtí á ti dì, ìgò á ti fọ́.

"Rùkáyàt, ibo lẹ gbé ṣàkí yẹn sí?"

"Ọ̀kánjúwà! Ibi iṣẹ́ lo ti ń pè nítorí ṣàkí?"

"Dákun, ṣé inú fírísà ni?"

"Fírísà kún fún ẹja. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni mo gbé e sí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti náwó o, àpótí pákó ni wọ́n gbé e sí, wọ́n tún fi aṣọ dì í. Alhaji ní ká má tú u títí ẹni náà á fi dé. Ó kàn ń ró gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ ni bí mo bá gbé e. Ó jọ pé omi ẹran ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Mo ṣàlàyé. Mo wá gbọ́ "Láà iláha illallaah!", mo gbọ́ nǹkan tó já bọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ju fóònù sílẹ̀.

Nígbà tá a dé Flatbush, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Alhaji Abdulwaheed dúró sí ìkangun pálọ̀, wọ́n ń fi tẹ̀súbáà nu iwájú orí. Rùkáyàt ní òun ti gbé e lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, Ọlọ́run á forí jì òun, òun ò tún mọ̀ọ́mọ̀ gbé e. Mo wo ọwọ́ tèmi náà. Aunty pòṣé, wọ́n fara jọ ọmọ Áńgílíkà ju bí mo ṣe rí wọn rí lọ, wọ́n gbá àpótí ọtí náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Mo ń bá yín lọ," ni Alhaji wí.

Mo ní, "Ilé ọtí ni, bàbá."

"Mo gbọ́. Ọmọ tí mo kọ́ ni wọ́n pè lólè níbẹ̀, nítorí nǹkan tí wọ́n bá lọ́dọ̀ mi. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni kí n jókòó sí? Wa mọ́tò."

*

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a padà dé. Ìyá Hisae ò tan fìtílà. Wọ́n dúró sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, Simbiat wà lẹ́yìn wọn. Aunty gbé àpótí náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tú aṣọ rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n fọwọ́ ra ìgò náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n sọ nǹkan kan ní èdè wọn. Orúkọ àbúrò wọn ni, mo rò.

Alhaji lọ bá Simbiat. "Ta ló ní kó o fi orúkọ mi pamọ́? Orúkọ tí ò bá lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ forí jì mí, Alfa. Ọtí..."

"Ṣé o mọ̀ ni? Èmi náà ò mọ̀. Gbà." Wọ́n ki dàbínù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún.

Ìyá Hisae wá síwájú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ba, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Simbiat figbe ta pé kí àgbàlagbà má tẹ̀ba fún òun, ló bá kúnlẹ̀. Ìyá Hisae rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ ju àwọn lọ, àwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ méjèèjì lélẹ̀. Simbiat wá dojú bolẹ̀ pátápátá. Wọ́n wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì ń wò wá bí ẹni ń wo sinimá. Aunty àti Christina ló fa àwọn méjèèjì dìde.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n tan fìtílà. Kò sẹ́ni tó ń bu ọtí fún ara rẹ̀ níbẹ̀; ẹnìkan á bù fún ẹnìkejì, Aunty ló sì bù fún Ìyá Hisae. Simbiat gbé ìkòkò tuntun ka iná, ó fi ata rodo àti àlùbọ́sà se ṣàkí inú ọ̀rá dúdú yẹn fún èmi àti Alhaji, láìkán ọtí sí i. Inú ilé móoru, ata ń ta àwọn ará Japan nímú, wọ́n ń sín, wọ́n sì ń tọrọ díẹ̀. Mo jẹ tèmi, mo lá abọ́.

Ìyá Hisae wá gbé àga sún mọ́ Simbiat. Wọ́n nawọ́ sí ìkòkò, wọ́n ní kó kọ́ àwọn ní orúkọ rẹ̀ dáadáa, kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Tìmí sáré sọ ọ́ sí wọn létí.

"Ṣàkí," ni Ìyá Hisae wí, ó já gaara bíi ti ọmọ Ọ̀yọ́.

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n yíjú sí Simbiat pé kí òun náà sọ ọ́.

"Sàkí," ni Simbiat wí.

"Rárá, rárá. Ṣàkí."

Simbiat ṣíwọ́ nínú ẹ̀rín tó ń rín, ó wo Ìyá Hisae lójú, bí ó ṣe wò wọ́n láàárọ̀.

"Sàkí, mà. Ohun tí mo ti ń sọ fún yín láti àárọ̀ nìyẹn."